Ọjọ́ Tí A Pe Wúrà Ní Àlejò Ní London

Èmi nìkan ló rí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án èèyàn ló wà ní London lọ́jọ́ náà, tẹ́ ẹ bá ka àwọn ẹyẹlé mọ́ ọn wọ́n á tó ogún mílíọ̀nù, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín Wúrà àti ẹ̀gbọ́n mi Múyìwá. Èmi Tìmílẹ́yìn, ọmọkùnrin tó rẹwà jù ní gbogbo Carrollton, tójú mi mú débi pé mo lè dúró nínú apartment mi kí n máa ka ìwé tí ẹnì kan ṣí sílẹ̀ ní Denton, èmi ni mo rí i. Àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé Wúrà gbéraga, pé ọmọ Amẹ́ríkà ni, pé kò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi dénú, ṣé wọ́n wà níbẹ̀ ni? Èmi wà níbẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni mo tiẹ̀ jókòó sí nínú ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n ń na ọwọ́ kọjá lórí ikùn mi kí wọ́n lè di ọwọ́ ara wọn mú.

Ẹ jẹ́ n mú un láti Denton.

Ẹ̀gbọ́n mi Múyìwá ga. Tójò bá fẹ́ rọ̀, orí tiẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bà kó tó délẹ̀ lọ́dọ̀ àwa yòókù. Ó gbọ́n, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ó sì láàánú. Àmọ́ ẹ̀rù máa ń bà á. Ẹ̀rù ajá, ẹ̀rù abẹ́rẹ́, ẹ̀rù bàbá wa. Nígbà tó ń kàwé ní Denton, wọ́n ní kí gbogbo wọn lọ gba abẹ́rẹ́ flu. Èmi ni mo wọ́ ọ lọ sí ilé oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ oògùn ló dúró dè wá pẹ̀lú òwú lọ́wọ́. Kó tó fi òwú yẹn kan apá ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Gbì! Ilẹ̀ mì. Àwọn ará Oklahoma rò pé ìjì ti dé.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó gbé orí ẹ̀gbọ́n mi lé itan, ó ń gbá a létí jẹ́ẹ́jẹ́. "Stay with me, sir. Stay with me."

Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dákú nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi la ojú, ó wò ó títí, ó ní, "Yes." Ó dáhùn bí ẹni tí pásítọ̀ bi ní ìbéèrè níwájú pẹpẹ.

Nígbà tó dìde ló rí orúkọ lára aṣọ rẹ̀: Wúràọlá.

"Ṣé ọmọ Yorùbá ni yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "My dad was. I'm working on it."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ̀, Bridget, ọmọ Dallas ni látilẹ̀, ó ti kó lọ sí Houston. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, kú nígbà tí Wúrà ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ìyá bàbá rẹ̀, Màmá Adébísí, ló wá láti Ìjẹ̀bú-Òde wá tọ́ ọ ní DeSoto. Tí Màmá bá sọ Yorùbá, Wúrà á fi òyìnbó dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, bíi gbogbo ilé wa níbí, kí ẹ̀gbọ́n mi tó wọlé.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Bímpé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá wa ni, nọ́ọ̀sì àgbà ni, òun sì ni ìyá wa nílẹ̀ yìí, torí ìyá tó bí wa ti lọ, bàbá wa sì wà ní Ìbàdàn. Ọlábímpé lorúkọ rẹ̀ gan-an, àmọ́ ta ni mo jẹ́ tí màá pè é? Ẹ̀gbọ́n mi lọ dọ̀bálẹ̀ fún un ní kíṣíìnì, ó ní òun ti rí ìyàwó.

"Ọmọ ta ni?" ni Àǹtí bi í.

"Ọmọ DeSoto ni, mà."

"Múyìwá, mi ò béèrè ibi tó ń gbé. Mo ní, ọmọ ta ni?"

"Bàbá rẹ̀ ti kú, mà. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ibí."

Àǹtí gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ṣé ó gbọ́ Yorùbá?"

"Díẹ̀díẹ̀, mà."

"Ṣé díẹ̀díẹ̀ yẹn ló máa fi gbọ́ tí mo bá ń kú lọ, tí mo ń béèrè omi?" Ó tún gbé ṣíbí. "Bàbá yín ti sọ ọ́, ẹ̀yin méjèèjì sì gbọ́ ọ létí ara yín. Ó ní ẹni tí kò bá lè kí òun láàárọ̀, kò lè sìnkú òun."

Ẹ̀gbọ́n mi ò sùn fún oṣù mẹ́ta. Ó dáa, ó sùn, àmọ́ ojú oorun rẹ̀ ò dáa. Ó sọ ọ́ fún Wúrà. Mo rò pé ó máa bínú ni, torí ọmọ Texas ni, ó lè ní kí gbogbo wa lọ jókòó síbì kan. Kò bínú. Ó lọ jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀. Gbogbo Sátidé, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá lọ sí mall, Wúrà á wà lórí kápẹ́ẹ̀tì DeSoto, á máa kúnlẹ̀, á máa dìde, á máa kúnlẹ̀. Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú àbọ̀, sà. Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sórí àga, á máa wò ó, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ bí eékún rẹ̀ ṣe ń dún.

Màmá Adébísí tún kọ́ ọ ní ohun kan tí gbogbo wa ti gbàgbé. Ó ní ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n bá ti bí sílé ọkọ kí òun tó dé. Ì báà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ ni. Wá orúkọ mìíràn fún un, kí o sì máa bọ̀wọ̀ fún un.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ Àǹtí Bímpé, eékún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ lórí tile. "Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ilé." Ohùn rẹ̀ ń rin ìrìn Dallas, ó ń gun òkè níbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀. Àǹtí ní, "Dìde." Ojú rẹ̀ ò tú ká. Èmi wá gbé omi tútù wọlé fún àlàáfíà ìlú. Wúrà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Ẹ ṣé, Alásọdùn mi."

Àǹtí yíjú. "Kí lo pè é?"

"Alásọdùn, mà. Wọ́n ti bí i sílé kí n tó dé. Mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀."

"Tìmílẹ́yìn yìí? Èyí tí mo fọ ìdí fún?"

"Ọkọ mi ni, mà."

Àǹtí Bímpé dìde. Ó wọ yàrá, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ìyá mi ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá Pupa ló ń pe àbúrò bàbá mi, ọmọ tí kò tíì lè wọ ṣòkòtò." Ó fa Wúrà dìde, ó dì mọ́ ọn, èmi sì mọ̀ pé mo ti di ọkọ ìyàwó láìná kọ́bọ̀. Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́ni tó bọ̀wọ̀ fún mi rí láyé mi. Ajá ilé wa gan-an kì í dìde tí mo bá wọlé. Ọmọ tó kàwé oògùn wá ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. "Alásọdùn mi, ẹ wá jẹun." "Alásọdùn mi, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀." Mo ga sí i. Wọ́n wọ̀n mí ní ọ́físì dókítà, wọ́n rí i.

Àǹtí wá nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ó ku bàbá yín. Pè wọ́n fúnra rẹ. Èmi ò ní bá ẹ sọ ọ́. Ọkùnrin tó bá fẹ́ gbéyàwó, ẹnu ara rẹ̀ ló ń fi sọ."

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti pè wọ́n. "Bàbá ní ká máa bọ̀."

Wúrà pariwo, ó fò mọ́ ọn lọ́rùn. Kì í ṣe irọ́ o. Bàbá ní ká máa bọ̀ lóòótọ́. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún Bàbá kí Bàbá tó ní ká máa bọ̀, ìyẹn la ò béèrè.

Àwa mẹ́ta la gbéra ní Dallas. Ọkọ̀ òfurufú máa já wa sí London láàárọ̀, òmíràn á wá gbé wa lọ sí Èkó nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Gbogbo ojúmọ́ la ní láti fi gbáfẹ́. Ẹrù wa ti kọjá lọ ní tiẹ̀. Inú àpótí Wúrà ni ìbọ̀sẹ̀ tó ra fún Bàbá wà, irú èyí tí kì í jẹ́ kẹ́sẹ̀ wú, torí ó ti gbọ́ pé ẹsẹ̀ Bàbá máa ń wú.

Ah, London! Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín, mo mọ ìlú yẹn ju ọba wọn lọ. Mo gun ẹ̀yìn kìnnìún irin tó wà ní Trafalgar, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú ramúramù. Wúrà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bò ó, torí òtútù ibẹ̀ kì í ṣe òtútù Dallas. Ó máa ń gba abẹ́ aṣọ wọlé bí olè. Wúrà ń fi ẹ̀rọ ya fọ́tò gbogbo nǹkan: bọ́ọ̀sì pupa, ọlọ́pàá orí ẹṣin, ẹyẹ tó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní òun á fi han Bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á sì máa fi Yorùbá ṣàlàyé. Ó ń gbìyànjú. "Èyí ni... ẹṣin. Ẹṣin náà... sanra." Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sẹ́ni tó sọ Yorùbá dáa tó o láyé.

A wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Òkè ti kún, a jókòó sísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé nǹkan kan. Ní Dallas, èdè Yorùbá ni kọ́kọ́rọ́ wa. Ẹ wọ train, ẹ bú irun ẹni tó jókòó níwájú yín, ẹ bú bàtà rẹ̀, ẹ sọ àṣírí ìdílé yín bí ẹ ṣe fẹ́. Kò sẹ́ni tó máa yíjú. Bá a ṣe gbé ìwà Dallas wọ bọ́ọ̀sì London nìyẹn.

Fóònù ẹ̀gbọ́n mi dún. Bàbá ni. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí fèrèsé, ó tẹ orí ba bí ẹni pé Bàbá ń wò ó. Wúrà wà ní àga ẹ̀yìn wa, ó ń ya fọ́tò odò.

"Ẹ káàsán, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà, a ti dé London. Èmi àti Tìmílẹ́yìn ni." Ó dákẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àlejò tí mo wí yẹn wà pẹ̀lú wa." Ó tún dákẹ́. "Rárá, sà. Àlejò lásán ni. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ó kàn fẹ́ mọ Nàìjíríà ni. Ẹ má ṣe wàhálà kankan, sà, ibikíbi ló lè sùn."

Mo wẹ̀yìn. Ọwọ́ Wúrà wà lókè pẹ̀lú fóònù rẹ̀, kò tẹ nǹkan kan mọ́. Odò ń lọ, ilé ń lọ, kò ya ìkankan.

Màmá kan wà níwájú wa, ó dé fìlà aláwọ̀ àlùkò, àpò ọjà rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti bú fìlà yẹn kí fóònù tó dún. Mo ní ó jọ ìgbá tó wà lẹ́nu iná. Màmá yí gbogbo ara padà.

"Ẹ kúùrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ tó bú fìlà mi, Ọlọ́run á fún ẹ ní ìyá ìyàwó tó máa ń dé irú rẹ̀." Ó fi ìka kan ẹ̀gbọ́n mi ní èjìká. "Ìwọ ọ̀gbẹ́ni, àlejò kì í ṣe lásán. Èwo ni ibikíbi ló lè sùn? Ọmọ èèyàn ni." Ó wá rẹ́rìn-ín sí Wúrà, tinútinú rẹ̀ gbogbo. "Àlejò wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Nàìjíríà á gbà ẹ́ dáadáa. Má dá àwọn yìí lóhùn."

Bọ́ọ̀sì ń mì. Wúrà di irin mú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. "Ẹ ṣé, mà."

Ohùn yẹn sọ̀kalẹ̀ níbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀. Kò ṣìnà rárá.

A bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ọba. Wúrà rìn síwájú, ẹ̀gbọ́n mi fà mí lápá.

"Ṣé o rò pé ó gbọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹja inú odò gbọ́."

"Ká ní ó gbọ́ ni, ì bá ti sọ̀rọ̀. Wúrà kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́nú. Ó kàn bá màmá yẹn ṣe ọmọlúwàbí ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Bàbá?"

Ó nu ojú rẹ̀. Nínú òtútù yẹn, ó ń làágùn. "Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, 'Bàbá, mo fẹ́ mú ẹnì kan wá.' Wọ́n ní, 'Ta ni?' Bí wọ́n ṣe ní ta ni yẹn, Tìmí... o mọ ohùn wọn. Àlejò ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wò ó, tá a bá délé, tí Bàbá rí i lójú, tó kúnlẹ̀ tó kí wọn, màá wá sọ pé òun nìyẹn. Wọ́n á ti fẹ́ràn rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Àbí?"

Ó ń bi mí bí ọmọ kékeré. Kí ni kí n sọ? Mo ní, "Àbí."

A gbáfẹ́ lọ́jọ́ yẹn ju bá a ṣe pinnu lọ. Wúrà ò kánjú mọ́. Ó dúró wo àwọn ẹyẹ ńláńlá tí àpò wà lábẹ́ àgbọ̀n wọn; ó wò wọ́n bí ẹni tó máa ṣe ìdánwò lórí wọn. Ó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára òkúta. Ó wo igi. Nígbà tá a jókòó jẹ ẹja díndín, ó bá ẹ̀gbọ́n mi ṣí awọ ara ẹja kúrò bó ṣe máa ń ṣe ní Dallas, torí ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ràn awọ. Ó ṣe é fínnífínní. Ẹ̀gbọ́n mi jẹun yó, ó fọ̀kàn balẹ̀, ó tẹ́ ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀. Ó rò pé ìgbádùn ló ń jẹ́ kí Wúrà rìn jẹ́ẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ pé kìnnìún Trafalgar bi mí ní ìbéèrè lórí Dallas Cowboys. Wúrà wò mí, kò sọ pé mo ti tún bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ ti ń rọlẹ̀ nígbà tá a dé orí afárá tí aago ńlá yẹn wà létí rẹ̀. Èrò pọ̀ bí eéṣú. Ẹ̀gbọ́n mi ti rí ibi tó dáa fún fọ́tò, ó ń juwọ́. "Wúrà! Wá, máa bọ̀!" Ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Wúrà dúró ti irin afárá, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Tìmílẹ́yìn, lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ. Màá ya yín."

Ohun tí mo rí nìyẹn. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn. Tìmílẹ́yìn. Lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ. Gbogbo èèyàn ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ ń pè mí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì lórí freeway ń gbìyànjú rẹ̀. Òun kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo dúró, mo ń wò ó. Mo fẹ́ kó ní àṣìsọ ni. Ó wò mí lójú, ó mọ̀ pé mo ti gbọ́. Ó tún un sọ, jẹ́ẹ́jẹ́: "Tìmílẹ́yìn. Lọ."

Mo lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé apá lé mi léjìká. Wúrà gbé fóònù sókè, ó pẹ́, ó pẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò lọ, fóònù sì bo ojú rẹ̀, àmọ́ kò bo àgbọ̀n rẹ̀. Mo rí omi tó gba ibẹ̀ kán sára jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi tó wọ̀. Fọ́tò yẹn wà lára ògiri ilé Àǹtí Bímpé báyìí: ọkùnrin méjì, aago ńlá, ẹ̀rín. Gbogbo àlejò ló ń yìn ín. Wọn ò béèrè ẹni tó yà á.

Nínú train tó ń gbé wa padà sí pápákọ̀, mo sún mọ́ ẹ̀gbọ́n mi létí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó pe orúkọ mi."

"Kí ni ì bá pè ẹ́? Big Ben?"

"Ó pè mí ní Tìmílẹ́yìn. Ó ní 'ẹ̀gbọ́n ẹ'. Kò fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yìí ti kúrò nílé wa o. Ẹ sọ̀rọ̀ fún un, ẹ sọ ọ́ báyìí, kí train yìí tó dúró."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi lórí. "Ìwọ àti àsọdùn ẹ."

Ní gate, nígbà tí wọ́n ti ń pe àwọn èrò, Wúrà dúró níwájú rẹ̀. Yorùbá ló fi bẹ̀rẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì.

"Múyìwá, kí lo sọ fún Bàbá?"

"Mo ní à ń bọ̀."

"Ta ni 'à'?"

"Àwa. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Ta ni èmi, nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo bàtà rẹ̀. Mo ń gbàdúrà. Mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó. Ọ̀rọ̀ kan péré. Ó la ẹnu, ó ní, "Wúrà, jẹ́ ká dé ọ̀hún ná. Màá tún gbogbo ẹ̀ ṣe tá a bá dé ọ̀hún."

"Okay," ni Wúrà wí. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé e lọ́wọ́. "I'm going home."

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó bẹ̀ ẹ́. Ó di okùn báàgì rẹ̀ mú, ó ní jọ̀ọ́, ó ní Bàbá ń retí, ó ní kí làwọn èèyàn máa wí. Bó ṣe ní kí làwọn èèyàn máa wí yẹn, Wúrà rọra yọ okùn báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó yípadà, ó lọ.

Ọkọ̀ òfurufú ò lè gbéra. Ẹni tó ni ẹrù ò sí nínú ọkọ̀, wọ́n ní àfi kí wọ́n yọ ẹrù rẹ̀. Wọ́n tú gbogbo abẹ́ ọkọ̀ wò. Àwọn èrò ń kùn. "Ta ló ń fi wá ṣeré?" "Ẹni tí kò fẹ́ lọ, ṣé ó yẹ kó dá àwa dúró?" Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí fèrèsé, jákẹ́ẹ̀tì wà lórí itan rẹ̀. Ó ń wo ìsàlẹ̀ títí wọ́n fi gbé àpótí aláwọ̀ ewé kan jáde, wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ kékeré, ó wà òun nìkan.

Ní Ìbàdàn, Bàbá jáde sí wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yọjú wo ẹ̀yìn wa. "Àlejò yín dà? Mo ti ní kí wọ́n kun yàrá iwájú."

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, kò dìde mọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó wá àga jókòó.

"Ìwọ Múyìwá. Mo ní n kò ní gbà á?"

"Ẹ ní ẹni tí kò bá lè kí yín..."

"Mo gbọ́. Ṣé o mú un wá kó wá kí mi, tí mo wá ní n kò gbọ́?"

A padà sí Dallas. Wúrà ò gbé fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Àǹtí Bímpé kọ̀, ó ní òun ò ní bá ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo wá di alárinà, alárinà tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù ní gbogbo Texas. Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, a wakọ̀ lọ sí DeSoto, ẹ̀gbọ́n mi ló ń wà á, òdòdó ńlá tó rà wà lórí itan mi. Bó ṣe ku díẹ̀ ká dé ilé, ó yà sí ibi tí wọ́n ti ń ra gas, ó pa mọ́tò.

"Lọ wọlé ná. Wo bójú wọn ṣe rí. Tó bá dáa, wá pè mí."

Màmá Adébísí ló ṣílẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde. Ìwọ nìkan lo wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi wà nítòsí, mà."

"Nítòsí ibo? Ṣé wọ́n ń wà nítòsí ìyàwó ni?"

Wúrà jáde. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, ó ti rù. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo kó wá. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun mọ́, mo ní omijé rẹ̀ ti kún Lake Ray Hubbard. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní:

"Kì í ṣe pé ó bẹ̀rù. Ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ó jókòó síbẹ̀ yẹn." Ó tọ́ka sí àga. "Gbogbo Sátidé. Ó ń wò mí, bí mo ṣe ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún bàbá tí kò mọ̀ pé mo wà láyé."

Màmá yíjú sí ògiri.

Wúrà nu imú rẹ̀. "Where is he?"

"Níbi tí wọ́n ti ń ra gas."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jọ ẹ̀rín. Ó ní, "Lọ pè é. Kó wọlé, kó jókòó níwájú Màmá, kó sọ ohun tí mo jẹ́ sí i. Ìyẹn nìkan. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn."

Mo sáré! Ẹṣin ò lè bá mi. Mo wọ mọ́tò, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti bọ́ sí i! Ẹ kàn sọ pé ìyàwó mi ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lójú ọ̀nà. "Ìyàwó mi ni. Màmá, ìyàwó mi ni." Ó ń sọ ọ́ dáadáa. A yà sí àdúgbò wọn. Màmá Adébísí ti jáde síta, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo mọ́tò tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi rí Màmá. Ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Mọ́tò rọra ń lọ, ó rọra ń lọ, ó dé iwájú ilé, kò dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé nìyí! Ẹ̀gbọ́n mi!"

Ó ń wo iwájú, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó kọjá ilé náà jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tẹ̀lé òkú, ó yà lọ́nà ìkejì, ó wọ freeway. Nígbà tá a fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá àárín Dallas, ó ní:

"Màmá nìkan ló wà níta. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó ti pinnu láti má jáde. Àbí ìwọ rí i?"

Ohun tó ń sọ títí dòní nìyẹn. Ohun tí Àǹtí ń sọ nìyẹn, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ: pé wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́, ó tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wúrà ti kó lọ sí Houston lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè.

Èmi ni mo jókòó sí apá ọ̀tún. Èmi ni mo wẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ṣí. Wúrà jáde. Ó ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ti ró ìró, ó gbé àga kan dání fún ẹ̀gbọ́n mi láti jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àga yẹn lọ́wọ́, ó ń wo ẹ̀yìn mọ́tò wa, kò sì gbé e sílẹ̀ títí a fi yà. Ẹ dín gbogbo ohun tí mo sọ kù bó bá ṣe wù yín. Ẹ má dín èyí. Ó jáde. Mo ní ó jáde! Ẹ gbà mí gbọ́.